Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Arìnrìnàjò? Kọ̀ǹpútà, Àsọtẹ́lẹ̀ Ìrìnnà àti Ìlú Àjàṣẹ́

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà àti ọkọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi èdè àwọn ẹnjiníà dí ẹnikẹ́ni létí. Mo gbà, mo sì dúpẹ́ fún ìkìlọ̀ náà.

Kí ìjọba tó fẹ ọ̀nà kan, kí ó tó na afárá sórí ọ̀sà, kí àwọn tó ń yáni lówó tó yọwó, ìbéèrè kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi àwọn ẹnjiníà: èèyàn mélòó ni yóò máa gba ibẹ̀ ní ogún ọdún sí òní? Ẹnu lásán kò lè dáhùn ìyẹn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bi. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ko ilé, ọjà, iléèwé àti títì ìlú sí. Yóò ṣírò, yóò sì gbé iye kan jáde. Iye yẹn ni yóò sọ bóyá ọ̀nà yóò gba ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ta ni wọn yóò wó, àti eélòó ni àwọn ọmọ wa yóò máa san ní gbèsè.

Ohun tí mo bá wá kò lọ́. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí wúlò, ó sì yẹ kí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a kò bá kà wọ inú wọn, wọn kò ní rí i, ọ̀nà tí wọ́n bá sì ní kí a là kò ní bá ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Kíkà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ àwa ọmọ ìlú ló sì yẹ kó wà.

IBI TÍ ÌMỌ̀ YÌÍ TI ṢẸ̀ WÁ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní Amẹ́ríkà débi pé títì àtijọ́ kò gbà wọ́n mọ́. Ní 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní Detroit. Nígbà tó di 1955, wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Chicago. J. Douglas Carroll ló ṣáájú iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ láti ilé dé ilé. Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè kò ju èyí lọ: níbo lo lọ lánàá, kí lo lọ ṣe, kí lo gùn lọ? Wọ́n fi ìdáhùn sórí káàdì oníhò, ẹ̀rọ sì ṣírò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́rin ti jáde, òun náà ló sì wà nínú ikùn ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé lónìí, ìbáà jẹ́ Visum ti Jámánì, Emme tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montréal, tàbí TransCAD ti Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká fi Àjàṣẹ́ tò ó.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti mọ iye ìrìn tó ń ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde àti iye tó ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á pín ìlú sí ẹkùn kéékèèké. Ẹkùn tí ilé gbígbé pọ̀ sí yóò máa rán èèyàn jáde láàárọ̀. Ouando tí ọjà wà yóò máa gbà wọ́n. Ilé aṣòfin tuntun tí Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, ya àwòrán rẹ̀ fún ìlú yìí, kì í ṣe ilé lásán lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tí òṣìṣẹ́, àlejò, awakọ̀ àti olóúnjẹ yóò máa wá lójoojúmọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì ń béèrè pé níbo ni ìrìn kọ̀ọ̀kan ń lọ. Òfin tí wọ́n ń lò jọ èyí tí Newton lò fún òòfà oòrùn àti òṣùpá: ibi tó bá tóbi ń fa èèyàn púpọ̀, ibi tó bá jìn ń fà wọ́n díẹ̀. Ọjà Dantokpa ní Kútọnu jìn sí wa ju Ouando lọ, àmọ́ títóbi rẹ̀ ti ń fa àwọn obìnrin Àjàṣẹ́ kọjá ọ̀sà fún ìgbà pípẹ́. Bí ìjọba bá wá kó ọjà náà kúrò létí ọ̀sà Kútọnu gẹ́gẹ́ bí ètò wọn, òòfà náà yóò kọjú síbòmíràn, gbogbo ìṣirò yóò sì yí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni wọn yóò gùn? Daniel McFadden, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ló fún ìgbésẹ̀ yìí ní ìpìlẹ̀ tó lágbára. Ó ní èèyàn kọ̀ọ̀kan ń fi owó wé àkókò, ó sì ń yan èyí tó sàn fún un jù. Bí táksì bá gbówó lérí díẹ̀, kì í ṣe gbogbo èrò ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ lè sọ iye tí yóò bọ́ sórí zémidjan, alùpùpù tó ń gbé èrò, àti iye tí yóò fẹsẹ̀ rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà? John Wardrop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn ní 1952. Ó ní olúkúlùkù ń wá ọ̀nà tó yá jù fún ara rẹ̀, títí tí yóò fi di pé kò sí ẹni tó lè jèrè nípa yíyà sí ọ̀nà mìíràn. Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ ọ̀nà tó yá, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀nà ṣe ń lọ́ra bó bá ń kún. Ní 1964, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó títì gbé ìlànà ìṣirò kan síta tí ọ̀pọ̀ ètò ṣì ń lò. Ó ní ọ̀nà tó ń gba ìṣẹ́jú 10 nígbà tó dá páropáro yóò gba ìṣẹ́jú 11 àti ààbọ̀ bí ọkọ̀ bá kún dé ìwọ̀n tó lè gbà. Bí ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn, yóò gba ìṣẹ́jú 34. Ẹ fi ìlànà yìí sọ́kàn, nítorí ojú títì Amẹ́ríkà, láàárín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ Ń FARA WÉ AWAKỌ̀

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin yẹn ń wo ìlú látòkè. Irú ètò kejì wà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, tó ń fara wé awakọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òun ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó yẹ kí iná oríta fi wà ní pupa, tàbí bóyá kí wọ́n sọ oríta Catchi níbí di olóbìírípo.

Ní 1974, Rainer Wiedemann ní Karlsruhe, ilẹ̀ Jámánì, ṣe ìṣirò bí awakọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú rẹ̀: ìgbà tó ń sún mọ́ ọn, ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á tó fi ń tẹ bíréèkì, ìgbà tó tún ń sáré. Lórí ìmọ̀ yẹn ni iléeṣẹ́ PTV gbé Vissim kalẹ̀. Ní 1992, Kai Nagel àti Michael Schreckenberg mú ọ̀nà kan tó rọrùn ju tiẹ̀ lọ wá. Wọ́n gé títì sí ìpín mítà 7.5, ìwọ̀n ààyè tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìpín kọ̀ọ̀kan ṣófo tàbí kó ní ọkọ̀ kan. Wọ́n fi òfin bíi mẹ́rin péré darí àwọn ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé nígbà mìíràn awakọ̀ máa ń dẹ eré láìnídìí. Òfin kékeré yẹn tó láti mú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ jáde níbi tí kò sí ìjàǹbá, tí kò sí oríta.

Àwọn kan rò pé àwàdà orí ìwé ni. Ní 2008, Yuki Sugiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ ìdánwò kan jáde. Wọ́n to ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà róbótó tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí gbogbo awakọ̀ máa sá eré kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi dúró gbagidi, ìdúró náà sì ń rìn padà sẹ́yìn nígbà tí àwọn ọkọ̀ ń lọ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ìdúró lórí afárá ọ̀sà wa láàárọ̀, tí ẹ dé iwájú tí ẹ kò rí ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí ọlọ́pàá kankan, ẹ ti mọ ohun tó fà á báyìí. Ọkọ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ, títẹ bíréèkì ẹnì kan sì ti di wàhálà ọgọ́rùn-ún èèyàn.

IBI TÍ ÀSỌTẸ́LẸ̀ TI Ń ṢÌNÀ

Báwo ni àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ṣe ń ṣẹ sí? Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ọkọ̀ ojú irin BART ní agbègbè San Francisco, àsọtẹ́lẹ̀ ìjọba ni pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn lọ síbi iṣẹ́ ni yóò gba orí rẹ̀. McFadden àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ìlànà tiwọn ṣírò, wọ́n ní 6.3. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kà á, ó jẹ́ 6.2. Iṣẹ́ tó bí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ẹ rí i pé ìlú kan náà, ọkọ̀ kan náà, ìṣirò méjì. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ pátápátá, èkejì ju òótọ́ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti McFadden ṣọ̀wọ́n. Ní 2005, Bent Flyvbjerg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark gbé àyẹ̀wò iṣẹ́ àkànṣe 210 ní orílẹ̀-èdè 14 jáde. Nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá iṣẹ́ ojú irin, mẹ́sàn-án ni wọ́n ti sọ èrò pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ti títì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìdajì wọn ni àsọtẹ́lẹ̀ fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà.

Ohun mẹ́ta ló ń fa èyí. Èkíní, ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ wáyé náà ló sábà máa ń sanwó fún ẹni tó ń sọtẹ́lẹ̀, ìyá kì í sì í sọ pé ọbẹ̀ òun kò dùn. Èkejì, ọ̀nà tuntun ń bí ìrìn tuntun. Ní 1994, ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí títì gbà nínú ìjábọ̀ wọn pé fífẹ ọ̀nà lè fa ọkọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ jáde: ẹni tó ń jókòó sílé tẹ́lẹ̀ jáde, ẹni tó ń gba ibòmíràn yà wá. Àní Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì, ti fi hàn ní 1968 pé fífi ọ̀nà kan kún ọ̀nà lè mú kí gbogbo èèyàn pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí olúkúlùkù bá ń ṣe ti ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ayé ń yí, àsọtẹ́lẹ̀ kò sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ KÒ TÍÌ MỌ̀ NÍPA ÀJÀṢẸ́

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, níbi tí kálukú ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì ń tọ ojú ìlà tirẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn. Bí a bá gbé wọn wá síhìn-ín láìtún wọn ṣe, a ti wọ aṣọ tí télọ̀ rán sí ìwọ̀n ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi mẹ́rin tí yóò ti há wa lápá.

Àkọ́kọ́ ni alùpùpù. Ní Àjàṣẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ni títì. Zémidjan ló ń gbé òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, aláboyún, àpò sìmẹ́ǹtì àti ewúrẹ́. Iṣẹ́ náà tóbi débi pé Noukpo Agossou kọ àpilẹ̀kọ odindi lórí zémidjan Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní 2004. Nínú ìpín mítà 7.5 tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń gbà, zémidjan mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dúró níbẹ̀ tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀. Wọn kì í tò lẹ́yìn ara wọn. Bí iná bá di pupa, wọ́n á gba àárín ọkọ̀ bọ́ síwájú. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Àbùjá tí àwọn ẹnjiníà ń gbà ni pé kí wọ́n ka alùpùpù sí ìdajì ọkọ̀ tàbí ohun tó kéré sí ìdajì. Bí ìdá náà bá ṣì díẹ̀, gbogbo ìṣirò oríta ti wọ́.

Ohun mìíràn tún wà lára zémidjan. Èyí tí kò ní èrò lẹ́yìn kò lọ síbì kan; oníbàárà ló ń wá. Ìwádìí ti Detroit yóò bi í pé, "Níbo lò ń lọ?" Kò ní èsì, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú títì, ó ń jo epo, ó ń gba ààyè. Bákan náà ni ìyálọ́jà tó jáde láàárọ̀, tó já ọmọ sílẹ̀ níléèwé, tó gba ilé olórí èsúsú lọ gba owó rẹ̀, tó wá wọ ọjà, tó tún ya ilé àna kó tó padà. Ìrìn márùn-ún nìyẹn. Bí òṣìṣẹ́ ìwádìí bá bi baálé nìkan, ìrìn kan ni yóò kọ sílẹ̀: ilé sí ibi iṣẹ́.

Èkejì ni ọjà ọrọọrún. Ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ọjọ́ iṣẹ́ kan tí yóò dúró fún gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ yòókù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ka ọkọ̀. Ọjà Adjarra tó wà nítòsí wa kò mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yóò di ọjọ́ 28 kí ó tó tún bá ọjọ́ Ajé pàdé. Ẹni tó bá wá ka ọkọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta péré, tó kó ìwé rẹ̀ lọ, lè ka ọjọ́ ọjà kó sì rò pé bẹ́ẹ̀ la ń ṣe lójoojúmọ́. Ó sì lè ṣèèṣì fo ọjọ́ ọjà, kó sọ pé ọ̀nà Adjarra kò nílò àtúnṣe. Ọjọ́ 28 ni kíkà tó péye ní agbègbè wa.

Ẹ̀kẹta ni bodè. Àjàṣẹ́ kò jìn sí Nàìjíríà rárá: a gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kraké, a sì gba Ìgólò bọ́ sí Ìdìrókò. Ní oṣù Ògúst 2019, Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2020 ni wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ìdìrókò di 2022. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ohun tí Ààrẹ sọ ní Àbújá di ọ̀wọ́n kpayo, epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, ní Ouando láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó zémidjan sì gòkè. Ẹni tó ka ọkọ̀ wa ní 2018, tó fi sọtẹ́lẹ̀ 2023, ìṣirò rẹ̀ lè pé pérépéré, kó má sì jọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mọ ọjọ́ tí wọn yóò ti bodè. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ bí ìlú yóò ti rí bí bodè bá ṣí, bí ó bá tì, bí epo bá wọ́n, bí ó bá pọ̀. Ìsọtẹ́lẹ̀ mẹ́rin sàn fún wa ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ibi tí èèyàn ń lọ kọ́lé sí. Nínú ètò ìkànìyàn 2002, Àjàṣẹ́ ní èèyàn 223,552. Ní 2013, ó di 264,320. Ìyẹn kò yá púpọ̀. Àmọ́ ẹ wo Sèmè-Kpodji tó wà láàárín àwa àti Kútọnu: láti 115,238 ó di 222,701 láàárín àkókò kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fi ìdàgbàsókè Àjàṣẹ́ nìkan ṣírò ọ̀nà Kútọnu, iye tí yóò rí yóò kéré jù, nítorí àwọn tí yóò kún ọ̀nà náà kò sí nínú ìlú wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń gbé. Ilé pọ̀ sí i níbi tí ọ̀nà gbà, ọ̀nà sì tún ń fẹ́ kún nítorí ilé. Ètò kọ̀ǹpútà tó wo ọ̀nà nìkan láìwo ibi tí ilẹ̀ ti ń di ilé, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLẸGBẸ́ WA ṢE

Èkó ló sún mọ́ wa jù. Ní 2002, òfin ìpínlẹ̀ náà dá LAMATA sílẹ̀ láti máa ṣètò ìrìnnà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2008, wọ́n ṣí ọ̀nà BRT láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, tí ọkọ̀ ńlá ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, Okokomaiko ni wọ́n sì fẹ́ kó dé, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì tó ń bọ̀ sí bodè Sẹ̀mẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé ibẹ̀, ìrìn àjò láti Àjàṣẹ́ sí Èkó yóò ní ìdajì tuntun. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ti Èkó ni pé ọ́fíìsì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí ìlú ṣe ń rìn. Kì í ṣe ìgbà tí owó bá dé nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ní Abidjan, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2012, iléeṣẹ́ Orange kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Côte d'Ivoire jáde fún àwọn olùwádìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò. Àwọn olùwádìí IBM ní Dublin fi wo bí èèyàn ṣe ń ti òpó fóònù kan bọ́ sí òpó kejì láàárín Abidjan, wọ́n sì dábàá àtúnṣe sí ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó lè dín àkókò ìrìn kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára, àmọ́ ẹni tí kò ní fóònù kò sí nínú rẹ̀. Mo tún tẹnu mọ́ ọn: ta ni wọ́n kà?

Ti Nairobi ló wù mí jù. Kò sí ìwé tí ọ̀nà matatu, ọkọ̀ akérò wọn, wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí awakọ̀ ló wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti MIT àti Columbia, wọ matatu pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń kọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró sílẹ̀. Ní 2014, àwòrán ọ̀nà tó lé ní 130 jáde, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó. Àwọn ọmọ ìlú ló ṣe é, fóònù lásán ni wọ́n sì lò.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó kọ́ ló ń dí wa lọ́nà jù. SUMO, ètò tó ń fara wé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ilé ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Jámánì ń ṣe, wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2001, ó sì ní ìlànà fún alùpùpù tí kò tọ ojú ìlà. MATSim, tó ń tẹ̀lé èèyàn kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó sì lè mú ìrìn márùn-ún ìyálọ́jà yẹn bó ṣe rí, wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Àwòrán títì wa wà lórí OpenStreetMap. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀dọ́ tó ní fóònù lè fi kún un. Ohun tí a kò ní ni àkọsílẹ̀ kíkà.

Nítorí náà mo mú àbá mẹ́rin wá síwájú yín.

Èkíní, kí ìlú bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ afárá, oríta Catchi, Ouando, ọ̀nà Adjarra àti ọ̀nà Ìgólò: ọjọ́ 28 lọ́dọọdún, láti ìdájí di alẹ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé gíga wa ṣe é, kí wọ́n gba owó oúnjẹ àti ìwé ẹ̀rí. Kí wọ́n ya zémidjan tó gbé èrò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣófo, kí wọ́n sì ka ẹlẹ́sẹ̀ rìn pẹ̀lú.

Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ zémidjan jókòó pẹ̀lú àwọn olùwádìí. Kò sí ẹni tó mọ wákàtí tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń kún tó wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn gbogbo iléeṣẹ́ tó bá wá ṣe ìṣirò ọ̀nà fún wa pé àkọsílẹ̀ kíkà àti ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ yóò dúró sí Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Iṣẹ́ tí a sanwó rẹ̀ kò yẹ kó bá wọn wọ bàálù, kí ẹni tó ń bọ̀ tún gba owó láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa tún àsọtẹ́lẹ̀ ṣe. Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó dífá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ogún ọdún, kì í ṣe ifá ló dá. Ó ń fi ìlú ta tẹ́tẹ́. Kí wọ́n tún un ṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n tẹ èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ síta, kí gbogbo wa rí i.

Ẹ̀yin aṣojú wa ní ìgbìmọ̀ ìlú, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ wá síwájú yín, ẹ má kọ́kọ́ wo iye tó wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ bi í pé: ọjọ́ wo lẹ kà, ṣé ọjọ́ ọjà wà nínú rẹ̀? Ìdá wo lẹ fi wọn alùpùpù, níbo lẹ sì ti rí ìdá náà? Báwo ni yóò ti rí bí bodè bá tì? Ta ló sanwó fún ìṣirò yìí? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un, kó lọ tún un ṣe.

Àwa yòókù, bí ọ̀dọ́ kan bá dúró sí oríta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó bi wá pé níbo la ti ń bọ̀, kí a má ṣe rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni. Kí a dá a lóhùn lóòótọ́. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa yóò rìn ló ń wọ̀n, ẹni tó bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n ka òun kò ní ẹnu láti ráhùn lọ́la pé ọ̀nà náà kò gba òun.